Orúkọ Mi Lẹ́yìn Àyàfi

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, ìyá mi kò sunkún. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ sunkún sí? Ṣé ilẹ̀ Faransé lò ń lọ ni? Ifẹ̀ ni. Ilé náà ni." Ní ìlú wa, kò sí ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí pé Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Wọ́n fi kọ́ wa nílé kí wọ́n tó fi Faransé kọ́ wa níléèwé. Nítorí náà mo di ẹrù mi bí ẹni tó ń lọ kí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, mo sì fi Àṣàbí, ọmọ mi kan ṣoṣo, sílẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ní Ifẹ̀ ni ọlọ́kadà kan ní Lágere. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un. Ó wo ẹnu mi, ó wo ẹrù mi, ó ní, "Ẹ̀gùn ni yín, àbí?"

Mo ní rárá, Yorùbá ni mí, ọmọ Kétu.

"Kétu Èkó?"

"Kétu ti ọ̀nà Kútọnu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Mo ti mọ̀ pé ará Kútọnu ni yín." Ó gbé ẹrù mi síwájú, ó ní kí n gùn ún. Bí mo ṣe di ará Kútọnu nìyẹn, èmi tí n kò gbé Kútọnu ju ìgbà tí mo fi kàwé níbẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ sí Ẹnuwá. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó pé ọjọ́ tí mo bá dúró síwájú ààfin yẹn, nǹkan kan máa ṣe mí. Nǹkan ṣe mí lóòótọ́: òùngbẹ gbẹ mí. Mo dúró títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí, àwọn èèyàn ń kọjá lọ sídìí òwò wọn, obìnrin kan tó ń ta omi sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ dí ọjà mi." Mo ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sún. Nígbà tí ìyá mi bi mí lórí fóònù bóyá mo ti lọ kí ilé, mo ní mo ti lọ, wọ́n sì kí mi káàbọ̀. Inú wọn dùn débi pé n kò lè sọ ìyókù.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo bá wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì, àwa mẹ́ta péré: Àǹtí Ṣadé tó ni ín, Bọ́lájí tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kí n tó dé, àti èmi. Àwọn oníṣòwò ìlú máa ń gbé iṣẹ́ wá pé kí a kọ ètò tó máa bá wọn ṣe ohun tó ti sú wọn láti máa fi ọwọ́ ṣe. Mo kọ́ṣẹ́ náà dáadáa, mo mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù wọn fojú mi rí màbo. Lórí ti Faransé tí mo fi kọ́ṣẹ́, A wà níbi tí Q wà lórí tiwọn, M náà kò sí níbi tí mo fi í sí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ràdàràdà ni gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ń jáde. Bọ́lájí á na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà mi, á ní, "Àǹtí Kútọnu, èdè wo lẹ̀ ń kọ yìí?" Orúkọ tó sọ mí nìyẹn, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò ní ìkà nínú, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ibi bínú sí.

Ohun tó kọ́kọ́ yá mi lára láti ṣe ni kí n máa kọ́ kọ̀ǹpútà láti wá ọ̀rọ̀ nínú ọ̀rọ̀. Ó lè dà bí eré lójú ẹni tí kò ṣe é rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́sẹ́ẹ̀jì lé ọ lọ́wọ́, kí wọ́n ní kí o ṣa gbogbo èyí tó bá sọ̀rọ̀ omi àti Mọdákẹ́kẹ́, tàbí èyí tó bá sọ̀rọ̀ omi tí kò sì sọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń gbé gbogbo rẹ̀: àti, tàbí, àyàfi. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń to mẹ́ta yẹn pọ̀ kò sí ohun tí kò lè rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ to tèmi pọ̀ tó sì jẹ́ bí mo ṣe fẹ́, Àǹtí Ṣadé pàtẹ́wọ́ fún mi, Bọ́lájí ra gúgúrú, a sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé n kò sí nílé.

Àǹtí Ṣadé ló fún mi níbi tí mò ń sùn. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni, yàrá tí wọ́n ń kó páálí, àga tó ti ṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ tó ti kú sí. Wọ́n gbá a fún mi, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé fáànù wá, wọ́n ní, "Ọmọ ilé ni ẹ́, má ṣe bí àlejò." Oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ. Aṣọ tí ọmọ wọn kò wọ̀ mọ́, wọ́n á kó o fún mi pé kí n fi ránṣẹ́ sí Àṣàbí. Bí mo bá ní mo fẹ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ní, "Síbo? Ta lo mọ̀?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò mọ ẹnì kankan. Kọ́kọ́rọ́ géètì náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, nítorí olè.

Èèyàn lè bá ẹni tó ń lù ú jà. Ẹni tó ń bọ́ ọ ńkọ́, báwo lo ṣe fẹ́ bá a jà? Mo máa ń jókòó láàárín àwọn páálí yẹn lálẹ́. Kò sí ẹni tó dè mí, kò sí ẹni tó bú mi, síbẹ̀ n kò lè lọ síwájú, n kò sì lè padà. Ẹni tó lọ sí òkè òkun, bí ibẹ̀ kò bá gbà á, ó lè ní àjò kò dùn kí onílé má rèlé. Èmi ńkọ́? Wọ́n ní ilé ni mo wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo máa ń pè sí Kétu. Níbẹ̀rẹ̀, Àṣàbí á já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá mi, á máa sọ fún mi nípa ewúrẹ́ tó bímọ, nípa Sàfúrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kán eyín, nípa búrẹ́dì gígùn tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ń kúrú. Ó ń pe ìyá mi ní Ìyá, èmi ni Màmá inú fóònù. Ní Jímọ̀ kan mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sùn." Ọ̀sán gangan ni.

Ìyá mi ní, "O gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá."

"Ojú mi kò ríran bí i tàtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ọmọ yìí bá sá jáde, n kò lè lé e bá. Bàbá rẹ̀ wà ní Gàbọ́n, a kò gbúròó rẹ̀. Kí iléèwé tó wọlé, wá mú un, tàbí kí o padà wá."

"Àárín páálí ni mò ń sùn. Níbo ni kí n mú un sí?"

"Nígbà náà, wá yàrá. Ẹni tó bá ń wẹ̀ fún ọmọ ni ọmọ ń mọ̀ ní ìyá, n kò sì fẹ́ gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, yàrá kan ṣoṣo ni mo ń rò. Mo ń rò ó nígbà tí mò ń jẹun, mo ń rò ó lórí ìrun, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Bí n kò bá rí i kí iléèwé tó wọlé, ọmọ mi yóò di ọmọ ìyá mi pátápátá, èmi yóò sì di àlejò tó máa ń mú aṣọ wá.

Ní Ifẹ̀ nígbà náà, bí o bá ń wá yàrá, Alhaji lò ń kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí. Éjẹ́ǹtì ilé ni wọ́n, àwọn onílé púpọ̀ ló fi ilé wọn sí wọn lọ́wọ́. Ọ́fíìsì wa ló kọ ètò tó ń ka àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà: èyí tó bá bá ohun táwọn onílé fẹ́ mu, ètò náà á dáhùn pé kí ẹni náà máa bọ̀ wá wo yàrá, èyí tí kò bá bá a mu, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfọhùn. Bọ́lájí ló kọ ọ́, n kò sì tíì fọwọ́ kàn án rí. Mo lè bá Alhaji sọ̀rọ̀ lójúkojú bí wọ́n bá wá sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí Àǹtí Ṣadé gbọ́ pé mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì tèmi bí gbogbo ayé ti ń kọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́, Alhaji. Yàrá kan ni mò ń wá fún èmi àti ọmọ mi obìnrin. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ Kétu ni mí, kì í ṣe ti Èkó o, ti ọ̀nà Kútọnu." Mo fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo tan òun jẹ, mo sì kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kò sí èsì. Mo máa ń yẹ fóònù wò bí ẹni tó fi ẹyin sábẹ́ adìyẹ. Nígbà tó pẹ́, mo gbà pé ohun tó wà lára mi ló lé wọn, bóyá ọmọ, bóyá àìní ọkọ nílé.

Àfi lọ́jọ́ kan tí Alhaji wọlé wá fúnra wọn, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń fi í fẹ́ ara.

"Ṣadé, ṣé gbogbo Ifẹ̀ ti kọ́lé tán ni?"

Àǹtí Ṣadé ní, "Ẹ jókòó, Alhaji. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Láti ìgbà tí ọmọ rẹ ti bá mi tún ètò yẹn ṣe, ẹnì kan kò wá wo yàrá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, àwọn yàrá ṣófo kalẹ̀, àwọn onílé ń bú mi. Tàbí wọ́n ti ń gbé orí igi ni?"

Bọ́lájí ti lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ bá bàbá rẹ̀ kórè àgbàdo. Àǹtí Ṣadé gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Mo kọ́kọ́ ṣí ibi tí ètò náà ń ju àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí kò gbà sí. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, nọ́ọ̀sì, àwọn tọkọtaya tuntun, ọmọ Ìlódè, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ọmọ Ìbàdàn, kò gba ẹyọ ẹnì kan. Mo rí tèmi láàárín wọn. N kò lè ṣàlàyé bí inú mi ti dùn tó. Kì í ṣe ọmọ mi, kì í ṣe ọkọ tí n kò ní, kì í ṣe èmi rárá. Gbogbo ìlú ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́, èmi náà sì wà láàárín ìlú.

Ẹ̀yìn náà ni mo wá ṣí ìlà tí Bọ́lájí kọ.

Bí èèyàn bá ń fẹnu sọ̀rọ̀, ó lè sọ fún ọmọ pé, "Bí ewúrẹ́ tàbí àgùntàn bá wọ inú ọgbà, lé e." Kò sí ọmọ tó máa ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í fi ìbéèrè kan bi nǹkan méjì. Ohun tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tàbí, o gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè tirẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e, o gbọ́dọ̀ bi í ní tirẹ̀. Bọ́lájí kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu: bí "Tógò" tàbí "Kútọnu" bá wà nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì, jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà wo "Tógò" lọ́tọ̀, kò rí ìbéèrè kankan tí wọ́n bi nípa rẹ̀, ó kàn rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, kì í ṣe òfìfo. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo sì ti tó fún tàbí. Kò wulẹ̀ ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ló jù nù. Fún gbogbo àkókò yẹn, tọmọdé tàgbà Ifẹ̀ ni wọ́n ti di ará Tógò láìmọ̀.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ojú mi tó padà síbi ọ̀rọ̀ kejì. Kútọnu. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bọ́lájí ṣì í kọ ni, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ kọ yé mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n tún un ṣe, mo sì tún un ṣe. Bí "Tógò" bá wà nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì, tàbí bí "Kútọnu" bá wà nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì: ìbéèrè méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Mo ní kí ètò náà tún gbogbo wọn kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nọ́ọ̀sì jáde, tíṣà jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde wìtìwìtì bí ọmọ iléèwé tí agogo lù fún. Mo ń wo ibi tí tèmi wà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwa díẹ̀ tí Kútọnu tàbí Tógò wà nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì wa ló ṣẹ́kù: ọkùnrin kan láti Sábẹ̀ẹ́ tó ń rán bàtà, ìyá kan pẹ̀lú ìbejì, àti èmi. Ọ̀rọ̀ tí mo fi kún un kí n má bàa tan ẹnikẹ́ni jẹ, òun gan-an ni ètò náà fi mú mi. Fóònù Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò wọn, wọ́n ń sọ pé alhamdulillahi.

Mo bi wọ́n níbẹ̀ pé, "Alhaji, kí ni ará Kútọnu fi ṣe yín?"

Wọ́n yí ojú sí mi. "Èmi? Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn onílé ni. Ọ̀kan nínú wọn gba ọkùnrin kan láti ọ̀hún, ó kó lọ láìdágbére, ó tú fáànù lọ, ó tú ilẹ̀kùn lọ. Látìgbà náà, gbogbo wọn ní àwọn kò fẹ́ mọ́."

"Ẹnì kan ló tú ilẹ̀kùn, Alhaji."

"Ẹnì kan ni. Ṣé o rò pé n kò mọ̀? Bàbá mi kúrò ní Ìwó wá kọ́ wọn ní kéwú níbí. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni wọ́n máa sin mí sí, wọ́n ṣì ń pè mí ní ará Ìwó. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ilé."

Àǹtí Ṣadé ti ń wò mí látìgbà tí mo ti lanu. Wọ́n wá síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ka ohun tó ṣẹ́kù, wọ́n rí orúkọ mi. Ojú wọn yí padà. "O fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Ọmọ mi ni, ma. Ó ti ń gbàgbé mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Kí ló tilẹ̀ dé tí o kọ Kútọnu sí i? Kétu nìkan ìbá ti tó."

"Ibẹ̀ ni mo ti wá, ma."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ọkàn wọn bàjẹ́, mo rí i, síbẹ̀ èèyàn rere ni wọ́n, wọn kò sì lè rí ìṣòro kí wọ́n má wá ojútùú sí i. Wọ́n yíjú sí Alhaji. "Ẹ bá mi fún un ní yàrá kan. Tiwa lọmọ yìí. Ó yàtọ̀ sí wọn."

Alhaji ha irùngbọ̀n wọn. "Àwọn onílé kì í bi mí nípa ẹni tí ẹ̀rọ bá ti gbà wọlé. Bí ẹ̀rọ bá gbà á, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò." Wọ́n wá na ìka sí kọ̀ǹpútà iwájú mi. "Ọmọ yìí náà ló mọ̀ ọ́n kọ. Kó fi àyàfi sí i, pé àyàfi òun." Wọ́n kọjú sí mi. "Tó o bá dé ilé náà, má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí Ṣadé lo ti wá, ní Ẹdúnàbọ̀n."

Ilé wa ní Kétu kò jìnnà sí Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n fi ń tìlẹ̀kùn ìlú mọ́ ọ̀tá. Láti kékeré ni mo ti ń gba ibẹ̀ lọ síléèwé. N kò rò ó rí pé lọ́jọ́ kan, èmi náà yóò jókòó, máa gbẹ́ ilẹ̀kùn ìlú fún ẹlòmíràn, kí wọ́n sì bu ihò kan sí i tó bá ara mi mu. Inú bí mi. Ó bí mi sí Alhaji, ó bí mi sí Àǹtí Ṣadé tó ní mo yàtọ̀ sí wọn, ó sì bí mi jù sí ara mi, nítorí mo mọ̀ pé màá kọ ọ́. Bí mo bá kọ̀, ta ló máa jàǹfààní? Ìlà náà á ṣì wà níbẹ̀, ìyá ìbejì á ṣì wà lóde, Àṣàbí náà á sì máa sùn lọ́sàn-án gangan. Mo kọ ọ́: àyàfi bí orúkọ bá jẹ́. Mo fi orúkọ mi sí i. Mo ní kó tún un kà, orúkọ mi sì kúrò láàárín àwọn tó kù, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó rọ́wọ́ mú.

Ìrémọ ni mo ti rí yàrá. Ó ní fèrèsé méjì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tì í tí mo tún ṣí i, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbádùn. Àṣé mo kàn kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni. Nínú agbo ilé yẹn, mo di ẹni tó ń mirí. Bí wọ́n bá kí mi, màá kúnlẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá mirí. Wọ́n ní ara mi balẹ̀ jù. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ látilẹ̀wá, tí wọ́n ń pè ní Màmá Àgbà, tó máa ń jókòó sábẹ́ òrùlé láti òwúrọ̀. Wọ́n á ní kí n wá jókòó ti àwọn, màá ní iṣẹ́ ń dúró dè mí. Ìtàn ń yún mi létè, mo fẹ́ bi wọ́n nípa àwọn tó kúrò ní Ifẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ni mò ń bẹ̀rù.

Ìbátan wa kan ló mú Àṣàbí wá. Ó dúró sẹ́yìn aṣọ obìnrin náà, ó ń wò mí. Mo tẹ́wọ́, kò wá. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ ló tó sún mọ́ mi, ó sì jẹun. Lórí ẹní, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi í níbo ló ti wá, kó ní Ẹdúnàbọ̀n.

"Níbo nìyẹn?"

"Ìlú kan ni, kò jìnnà."

"Ṣé a ti lọ síbẹ̀ rí?"

Mo ní kó sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dì í mú, ó ti jáde síta. Ìyá mi kọ́ ọ, ọmọ kì í jí kó má kí àgbà. Ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá Àgbà, ó sì fi ohùn Kétu kí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó béèrè bí wọ́n ṣe jí, ó béèrè ara, ó béèrè ilé. Gbogbo agbo ilé yíjú sí i. Mo sáré jáde tẹ̀ lé e.

Màmá Àgbà fi ọwọ́ kàn án létí. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ohùn yìí? Bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń kí èèyàn nìyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ." Wọ́n tẹ̀ síwájú. "Níbo lo ti wá, ọmọ mi?"

Àṣàbí bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo wolẹ̀.

"Ẹdúnàbọ̀n," ó ní, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Màmá Àgbà wo èmi, wọ́n wo ọmọ. "Ẹdúnàbọ̀n," ni àwọn náà sọ. "Ó dáa." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀pà. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ, pé irọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi pa ní Ifẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ, níwájú ẹni tí ohùn wa dùn létí rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ó ń pè mí ní Màmá láìfi fóònù kún un. Ó ń lọ síléèwé. Ní Jímọ̀, òun ló ń gba fóònù lọ́wọ́ mi báyìí láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀, èmi sì ń dúró kó kàn mí. Ní ọjọ́ kan, ó bá Sàfúrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí owó fóònù fi fẹ́ tán, ó wá sáré wá bá mi nídìí àdògán.

"Màmá, Sàfúrá àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ ní Ifẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ máa ránṣọ níbí. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, mo fún wọn ní nọ́ńbà Alhaji, pé ẹ máa bá wọn rí yàrá."

"O sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí ẹ rí tiwa." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé àwọn náà á máa sọ pé Ẹdúnàbọ̀n ni?"

Mo ń ro ọbẹ̀ lọ. Mo mọ ibi tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìyá Sàfúrá máa bọ́ sí. Èmi ni mo gbẹ́ ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti wà níbẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin tí kì í purọ́ ni, ó kọ gbogbo rẹ̀ pátá: ọmọ kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, láti Kétu ọ̀nà Kútọnu. Àǹtí Ṣadé kò tíì dé. Bí Alhaji bá rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, wọ́n lè kọ̀. Bí àwọn onílé bá gbọ́, wọ́n lè ní kí èmi náà kó ẹrù mi. Mo ro yàrá mi, mo ro fèrèsé méjèèjì. Mo wá ro ọmọ mi tó dúró sídìí àdògán, tó gbà pé bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn, ó ti ṣí nìyẹn.

Mo ṣí ìlà náà. Àyàfi bí orúkọ bá jẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ mi, òun nìkan. Mo fi ìka síbi tí orúkọ mi parí sí, mo tẹ tàbí. Mo tún gbogbo ìbéèrè náà kọ lẹ́yìn rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan, nítorí kọ̀ǹpútà kì í fi ìbéèrè ẹnì kan bi ẹlòmíràn, mo sì kọ orúkọ ìyá Sàfúrá. Mo tún tẹ tàbí, mo wá orúkọ ìyá ìbejì. Mo tún tẹ̀ ẹ́ fún ọkùnrin Sábẹ̀ẹ́ tó ń rán bàtà.

Bọ́lájí ti wọlé láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó na ọrùn bó ṣe máa ń nà án, ó wò ó títí, ó kà á dé òpin.

"Àǹtí," ó ní, "ìlà yìí á gùn o."

Mo ní, "Ààyè wà."